Ta Ni Ó Ya Fọ́tò Náà? Maud Lewis Nínú Ilé Rẹ̀ Ní 1965

Nínú èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo ni ó ń ṣiṣẹ́ fún ènìyàn méjì tí fọ́tò máa ń pa pọ̀. Ẹni tí ó di kámẹ́rà mú ya fọ́tò; ẹni tí ó wọ aṣọ tí ó dára jù nínú àpótí rẹ̀, tí ó sì jókòó síwájú kámẹ́rà náà, òun pẹ̀lú ya fọ́tò. Bí ìyá àgbà kan bá ti ilé ayafọ́tò dé, ohun tí yóò wí fún àwọn ọmọ rẹ̀ ni pé òun lọ ya fọ́tò, kò sì sí ọmọ tí yóò bi í léèrè ibi tí ó ti kọ́ iṣẹ́ náà. Ní ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó ni ẹ̀rọ ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin; ẹni tí ó jókòó di ohun tí wọ́n ṣe é sí lára. Èyí kò fi hàn pé èdè kan gbọ́n ju èkejì lọ, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà wúlò púpọ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ yẹ fọ́tò kan wò tí ó ti gba òkìkí ní ilẹ̀ Kánádà láti 1965, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti sọ ọ̀rọ̀ tí kò tọ́ nípa rẹ̀ nítorí pé wọ́n gbà pé ẹnìkan ṣoṣo ni ó yà á.

Maud Lewis ni orúkọ ẹni tí ó wà nínú fọ́tò náà. Ayàwòrán ni, ní Marshalltown, ìletò kan létí ìlú Digby ní ìpínlẹ̀ Nova Scotia, ní ìhà ìlà-oòrùn Kánádà níbi tí òkun Àtìláńtíìkì ti kan ilẹ̀. Bob Brooks ni ó di kámẹ́rà mú. Ayafọ́tò tí ó ń bá àwọn oníwèé ìròyìn ṣiṣẹ́ ni, ohun tí ó sì ń wá kiri ni ìgbésí ayé àwọn ará Nova Scotia bí wọ́n ti ń gbé e lójoojúmọ́. Ìwé ìròyìn Star Weekly, tí ó ń jáde láti Toronto lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nígbà náà, gbé àpilẹ̀kọ kan jáde nípa obìnrin yìí ní 1965, fọ́tò Brooks ni ó sì bá ọ̀rọ̀ náà rìn. Ní ọdún kan náà ni iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n CBC gbé ètò kan jáde nípa rẹ̀. Àwọn ènìyàn tí kò gbọ́ orúkọ Digby rí bẹ̀rẹ̀ sí í fi lẹ́tà béèrè àwòrán lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí Lance Woolaver sì kọ ìtàn ayé rẹ̀ sínú ìwé kan tí ó jáde ní 1996, àwọn fọ́tò Brooks náà ni wọ́n tẹ̀ sínú rẹ̀. Fọ́tò tí Brooks yà pọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kan, èyí tí Maud Lewis jókòó nínú ilé tí ó di búrọ́ọ̀ṣì mú, ni ó ti di ojú rẹ̀ lọ́dọ̀ gbogbo ènìyàn.

Obìnrin kékeré kan jókòó ní igun yàrá, lẹ́bàá fèrèsé. Ó ti lé ní 60 ọdún. Pátákó tí ó ń ya àwòrán sí wà níwájú rẹ̀. Orí rẹ̀ tẹ̀ síwájú, àgbọ̀n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà, ojú rẹ̀ sì gba ìsàlẹ̀ gòkè wá wo àlejò tí ó dúró níwájú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí àwọn ayafọ́tò máa ń bẹ oníbàárà fún kọ́ yìí, èyí tí eyín ń hàn tí ojú kò bá a lọ. Ó jọ ẹ̀rín ẹni tí ó mọ nǹkan kan tí àlejò kò tíì mọ̀. Gbogbo àyíká rẹ̀ kún dẹ́nu, kò sí àyè òfìfo tí ojú òǹwòran lè sinmi lé. Ibi tí ojú bá ti kúrò lára obìnrin náà, ara ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ti kùn ni yóò bọ́ sí.

Ilé náà fúnra rẹ̀ yẹ fún àpèjúwe, nítorí pé ìdajì fọ́tò náà ni. Yàrá kan ni, tí kò tó ẹsẹ̀ bàtà 14 níbi tí ó gùn jù, pẹ̀lú àjà kan lókè tí wọ́n ń gba àtẹ̀gùn tóóró gùn lọ sùn. Kò sí iná mànàmáná níbẹ̀, kò sí omi ẹ̀rọ. Ní 1938, lẹ́yìn tí ìyá àti bàbá rẹ̀ ti kú, Maud fẹ́ Everett Lewis tí ó ń kiri ẹja, ó sì wọ ilé yìí. Kò kúrò níbẹ̀ mọ́ títí ó fi kú ní 1970. Láti ìgbà tí ó ti wọlé ni ó ti ń kùn ún. Ó ya ẹyẹ àti labalábá sára ilẹ̀kùn. Ó ya òdòdó sára ààrò onírin tí wọ́n fi ń dáná, sára àtẹ̀gùn, sára àwọn agolo àti àpótí búrẹ́dì. Ó ya òdòdó sórí gíláàsì fèrèsé pàápàá, bẹ́ẹ̀ ni fèrèsé yẹn ni fìtílà tí ó fi ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án. Ó fẹ́ràn ọ̀dà tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gbà kí díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dínkù nítorí rẹ̀.

Ẹni tí ó bá mọ ilé àwọn ayafọ́tò ní ilẹ̀ Yorùbá láàárín 1950 sí 1970 yóò rántí aṣọ ńlá tí wọ́n máa ń ta sí ẹ̀yìn oníbàárà, tí wọ́n ti ya àtẹ̀gùn tàbí òdòdó sí. Oníbàárà yóò jókòó síwájú àtẹ̀gùn tí kò sí nínú ilé rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò pè é ní òpùrọ́, nítorí pé gbogbo ènìyàn mọ̀ pé aṣọ ẹ̀yìn ń sọ ohun tí ọkàn ẹni tí ó jókòó ń fẹ́. Ó ṣe é sọ pé Maud Lewis fi ọdún 27 ya aṣọ ẹ̀yìn tirẹ̀ kí Brooks tó kan ilẹ̀kùn. Nígbà tí ayafọ́tò náà dé, ibi ìyafọ́tò ti wà nílẹ̀, àga ti wà ní ipò rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé láti ibi tí ó yẹ kó ti wọlé, ẹni tí yóò jókòó sì ti mọ ibi tí òun máa ń jókòó sí. Ọgbọ́n Brooks ni pé ó rí i bẹ́ẹ̀, kò sì gbé nǹkan kan kúrò. Àwọn tí wọ́n ń yìn ín gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ṣàwárí obìnrin náà ń fún un ní oyè tí kò tọ́ sí i. Àwọn ará Digby ti ń ra àwòrán rẹ̀ ní nǹkan bí 20 ọdún kí ó tó dé.

Ohun tí ìwé ìròyìn náà fi fọ́tò ọ̀hún ṣe ni ó fa ìjà. Àkọlé tí wọ́n fún àpilẹ̀kọ náà pè é ní arúgbó kékeré tí ó ń ya àwòrán rèǹtèrente. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ó sì burú. Ó kọ́ àwọn òǹkàwé bí wọn yóò ṣe wo fọ́tò náà kí ojú wọn tó dé orí rẹ̀: obìnrin tálákà kan wà ní ìgbèríko, kò ní nǹkan, kò sì fẹ́ nǹkan, ọ̀dà rẹ̀ tó o. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ìtẹ́lọ́rùn ti lẹ̀ mọ́ fọ́tò yìí bí ẹ̀ẹ́tà. Orí tí ó tẹ̀ba di ìtìjú ọmọlúàbí. Ẹ̀rín di ẹ̀rí pé òṣì kì í dun ẹni tí ọkàn rẹ̀ mọ́.

Orí náà kò tẹ̀ba nítorí ìtìjú. Làkúrègbé ti ń bá Maud Lewis jà láti kékeré. Ó ti tẹ èjìká rẹ̀, ó ti fa àgbọ̀n rẹ̀ sún mọ́ àyà, ó sì ti ká ọwọ́ rẹ̀ kò. Bí ó ti jókòó nínú fọ́tò náà ni ó ṣe máa ń jókòó, yálà àlejò wà tàbí kò sí. Èyí ni kókó tí ó yẹ kí gbogbo àyẹ̀wò fọ́tò yìí ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n kọ̀wé nípa rẹ̀ máa ń fi sí ìsàlẹ̀. Kámẹ́rà kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọrùn tí ó ń dun ènìyàn àti ọrùn ẹni tí ó ń tẹríba. Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán ni ó yẹ kó sọ ọ́, ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán kò sì sọ ọ́. Ẹni tí ó bá wo fíìmù Maudie tí ó jáde ní 2016 yóò rí i bí òṣèré obìnrin tí ó kó ipa rẹ̀ ti ṣe akitiyan láti fara wé ìtẹ̀ba orí yìí. Fíìmù náà ṣe ju ìwé ìròyìn lọ ní ti pé ó jẹ́ kí àwọn ènìyàn mọ̀ pé àìsàn ni.

Owó náà kò hàn. Láti nǹkan bí 1945 ni àwọn awakọ̀ ti ń dúró níwájú ilé náà láti ra àwòrán, dọ́là méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n sì ń san. Ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ó kẹ́yìn ayé rẹ̀ nìkan ni owó náà tó dọ́là 7 sí 10. Ọ̀nà ọkọ̀ ńlá kọjá níwájú ilé, pátákó ìpolówó sì wà níbẹ̀ tí ó ń sọ pé àwòrán wà fún títà. Ilé yìí, nígbà náà, jẹ́ ilé iṣẹ́, ó sì jẹ́ ìsọ̀. Yorùbá kan tí ó bá kọjá níbẹ̀ yóò pe obìnrin náà ní ọlọ́jà láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì kí i pé ó kú ọjà. Ṣùgbọ́n bí Brooks ti sún mọ́ ọn tó nínú fọ́tò yìí, ọ̀nà kò sí, ọkọ̀ kò sí, àwọn tí ń rajà kò sí. Ọlọ́jà di ẹni tí ó yà ara rẹ̀ sọ́tọ̀ fún adùn inú ara rẹ̀. Ilé ìtọ́jú àwọn aláìní tí ó wà nítòsí, níbi tí Everett ti ń ṣe olùṣọ́ òru láti 1939, kò hàn bákan náà. Bẹ́ẹ̀ ni òǹwòran tí ó bá mọ̀ pé ilé àwọn aláìní ni ojúlé tí ó kàn yóò ka ẹ̀rín náà lọ́nà mìíràn.

Àwọn kan ti tìtorí èyí dá Brooks lẹ́bi pátápátá, wọ́n ní ó fi òṣì ẹlòmíràn ṣe ọ̀ṣọ́. Ẹ̀sùn náà wúwo ju ohun tí fọ́tò náà lè gbé lọ. Fọ́tò kan kò lè gba gbogbo ayé ènìyàn, Brooks sì ya àwọn mìíràn tí ọkọ rẹ̀ wà nínú wọn àti èyí tí ó fi ìta ilé hàn. Àwọn tí ń ṣe ìwé ìròyìn àti àwọn tí ń ṣe káàdì ni wọ́n mú ọ̀kan, tí wọ́n fi ìyókù sílẹ̀. Jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀sùn yìí náà gbàgbé obìnrin náà. Ó sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n ṣe nǹkan sí lára. Ẹni tí ó ti ń gba àlejò láti ojú títì fún 20 ọdún mọ ohun tí ojú àlejò ń wá. Ó mú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, iṣẹ́ wà níwájú rẹ̀, ó wo kámẹ́rà tààrà. Ó fi hàn pé òun ń ṣiṣẹ́, pé iṣẹ́ náà ń lọ lọ́wọ́, pé ẹni tí ó bá fẹ́ lè rà.

Àwọn Yorùbá máa ń sọ pé bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń rín sí i. Yóò rọrùn láti fi òwe yìí ti ilẹ̀kùn ọ̀rọ̀ náà, kí wọ́n ní ẹkún ni ẹ̀rín náà ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n ìyẹn náà jẹ́ kí òǹwòran máa rẹ́rìn-ín fún un, kí ó máa sunkún fún un. Kò sí ohun kan nínú fọ́tò náà tí ó ní kí inú rẹ̀ má dùn ní ọjọ́ yẹn. Inú ènìyàn lè dùn sí iṣẹ́ rẹ̀ kí owó iṣẹ́ náà sì jẹ́ ìyànjẹ. Ọ̀kan kò pa èkejì rẹ́, ẹni tí ó sanwó díẹ̀ kò sì lè fi ìdùnnú oníṣẹ́ ṣe rìsíìtì.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ tún wà níbẹ̀. Fọ́tò tí ó gbajúmọ̀ jù yìí jẹ́ dúdú-àti-funfun. Maud Lewis kì í sì í po ọ̀dà pọ̀. Bí pupa ti jáde láti inú agolo ni yóò fi í sórí pátákó tí wọ́n ti kùn ní funfun, bí ewéko ti tutù ni yóò fi í sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ya òjìji. Ó lè ya ewé tí ó ti pọ́n bí ìgbà ìwọ́wé sórí igi, kí ó sì tẹ́ yìnyín sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, nítorí pé ó fẹ́ kí pupa àti funfun pàdé. Nínú fọ́tò Brooks, gbogbo èyí di eérú. Òdòdó ara ògiri àti èéfín ara ògiri di ẹgbẹ́ kan náà, ó sì ṣòro láti mọ èwo ni ọwọ́ ṣe, èwo ni iná ṣe. Ohun tí ó tan jù lọ nínú ilé náà ni fọ́tò náà pa, ohun tí ó ṣókùnkùn jù ni ó sì mú jáde: igi, aṣọ òtútù, ojú tí ó ti hun. Ní ibi yìí ni àríwísí lè bá Brooks jà pẹ̀lú ẹ̀tọ́. Ẹni tí kò bá rí àwọn àwòrán náà rí, tí fọ́tò yìí nìkan ni ó rí, yóò rò pé ilé òkùnkùn ni obìnrin yìí ń gbé, nígbà tí ó jẹ́ pé ó ti fi ọdún 27 lé òkùnkùn jáde níbẹ̀.

Ìbéèrè kan tí ó jinlẹ̀ jù èyí lọ wà, ó sì kan gbogbo àwọn tí wọ́n ń pè ní ayàwòrán tí kò kọ́ṣẹ́. Picasso, ibi iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti sábà máa ń ya fọ́tò rẹ̀, láàárín àwọn àwòrán tí kò tíì parí. Grandma Moses, ìyá àgbà ayàwòrán ti Eagle Bridge ní New York, tí ó kú ní 1961, inú ilé àti àyíká oko ni ọ̀pọ̀ fọ́tò fi í sí. Ẹni tí ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà, iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń ṣàlàyé rẹ̀. Ẹni tí kò lọ, ilé rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣàlàyé rẹ̀, bí ẹni pé àwòrán hù láti ara ògiri bí olú. Fọ́tò Brooks wà nínú àṣà yìí, kò sì jáde kúrò nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò tilẹ̀ jẹ́ òtítọ́ pátápátá pé obìnrin náà kò kọ́ṣẹ́. Ìyá rẹ̀ ni ó kọ́ ọ láti máa ya káàdì Kérésìmesì, tí àwọn méjèèjì sì ń tà á. Ní ilẹ̀ tí ọmọ ti ń kọ́ iṣẹ́ aró lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò sọ pé aláró bẹ́ẹ̀ kò ní ọ̀gá. Àwọn tí wọ́n pe Maud Lewis bẹ́ẹ̀ kò ka ìyá mọ́ ọ̀gá ni.

Ohun kan sì wà tí fọ́tò náà ṣe tí àwọn àwòrán obìnrin náà fúnra wọn kò ṣe. Màlúù méjì nínú àjàgà, ológbò láàárín òdòdó, ọkọ̀ ojú omi ní èbúté, kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà lórí yìnyín: ohun tí ó ń yà nìyẹn. Òṣì kò sí níbẹ̀. Àìsàn kò sí. Ọmọbìnrin kan tí ó bí ní 1928 kí ó tó lọ́kọ, tí wọ́n gbé fún ẹlòmíràn wò, kò sí. Ó yọ gbogbo ìwọ̀nyí kúrò pẹ̀lú ìpinnu, ọjọ́ dé ọjọ́, pátákó dé pátákó. Nítorí náà, fọ́tò náà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi díẹ̀ tí ó ti gbà kí wọ́n fi ara rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀ sí ojú kan náà, ọwọ́ tí ó ká kò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó tí ó gún régé. Bí ó bá jẹ́ pé Brooks kan ṣoṣo ni ó yà á, ìṣẹ̀lẹ̀ lásán ni èyí. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn méjèèjì ni wọ́n yà á, a jẹ́ pé obìnrin náà fi nǹkan kan lélẹ̀ níbẹ̀ tí kò fi lélẹ̀ níbòmíràn.

Òkìkí tí ó tẹ̀lé fọ́tò náà kò sinmi lé e lára. Àwọn tí ń béèrè àwòrán pọ̀ ju ohun tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe lọ, ọwọ́ náà sì ń burú sí i. Ó kú ní oṣù Keje 1970. Olè pa Everett nínú ilé náà ní 1979. Àwọn ará Digby gbìyànjú láti gba ilé náà lọ́wọ́ òjò, ìjọba Nova Scotia rà á ní 1984, wọ́n tún un ṣe, ó sì wà nísinsìnyí nínú ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà ti ìpínlẹ̀ náà ní Halifax, ilé odidi nínú ilé, tí iná mànàmáná tí kò ní rí ń tàn sí i. Ní 1973, ẹnìkan fi ọ̀kan nínú àwọn àwòrán rẹ̀ gba oúnjẹ ní ilé oúnjẹ kan, búrẹ́dì tí wọ́n fi wàràkàṣì sí láàárín tí wọ́n sì dín. Ní 2022 wọ́n ta àwòrán kan náà ní gbàǹjo ní 350,000 dọ́là Kánádà.

Fọ́tò Brooks kò ní ṣíwọ́ títẹ̀, kò sì yẹ kó ṣíwọ́, nítorí pé fọ́tò tí ó dára ni. Bí olùkọ́ kan bá fẹ́ fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tàbí bí ìwé kan bá tún fẹ́ tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ tí ó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni kí wọ́n pààrọ̀. Kí wọ́n kọ orúkọ ẹni méjèèjì tí wọ́n yà á, kí wọ́n kọ 1965, kí wọ́n kọ orúkọ àìsàn náà, kí wọ́n sì kọ iye tí àwòrán kan ń jẹ́ lẹ́nu ọ̀nà yẹn ní ọdún náà. Ọ̀rọ̀ náà kò ní ju ìlà méjì lọ, fọ́tò náà yóò sì gbà á.